Olú Lórúkọ, Ọkà Nínú

Bí bírò àti ìwé bá wà nítòsí, ẹ fà wọ́n mọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan wà tí n ó pè fún yín bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ara ike oògùn ni wọ́n máa ń wà, ibẹ̀ náà lẹ ó ti lọ wá wọn.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọjá lọ, ó pè mí wọlé, ó gbé ike funfun kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston ló fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó ní olú ni. Olú wo ni wọ́n ń rọ sínú ike?" Mo gbà á, mo kà á. Lójú ike, wọ́n ya olú pupa kan tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á lára, wọ́n sì kọ 'Reishi' gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Màmá ní òun ti ń lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, pé ara òun fúyẹ́, kódà òun ti ń rò ó pé kí òun fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún òun nílé ìwòsàn sinmi ná.

Mo ní, "Ẹ dákun, Mà, ẹ má tíì fi nǹkan kan sinmi."

Mo tú kápúsù kan sórí àwo pẹlẹbẹ. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ rí bí àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná. Mo fi ìka kàn án, mo lá a. Ó ń dùn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá lá ìyẹ̀fun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àádùn kí wọ́n tó fi epo sí i. Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Reishi kì í dùn lẹ́nu. Ó korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀, ìkorò rẹ̀ a sì máa pẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Mo bi Màmá bóyá àyódíìnì wà nílé, oògùn pupa rúsúrúsú tí a fi ń tọ́jú egbò. Ó wà, ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Mo po ìyẹ̀fun yẹn mọ́ omi gbígbóná díẹ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo kán ẹ̀kán kan sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló dúdú bí aró. Mo bu gaàrí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì àwo, mo ṣe é bákan náà. Òun náà dúdú bí aró.

Màmá wo àwo, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé gaàrí lọmọ mi lọ rà ní Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n gbé wá fún mi?"

Mo ní, "Kì í ṣe gaàrí, Mà. Ọkà ni."

"Ọkà wo? Ọkà tí à ń rò nínú ìkòkò?"

"Rárá o, Mà. Ọkà bàbà àti àwọn ẹbí rẹ̀."

Bí ọkà ṣe dé inú ike tí wọ́n kọ olú sí, àti ohun tí èèyàn lè fi dá ojúlówó mọ̀, lohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kì í ṣe pé olú ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá dàgbà lóko mọ bí òjò ṣe ń fa olú jáde nídìí ògán. Ó mọ olú ọ̀ràn, àwọn wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn tí wọ́n máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnìkan da ìrẹsì sílẹ̀, tí ọmọdé ń fi igbá kó. Ní 1975, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia lórí olú àti àwa Yorùbá: orúkọ tí a sọ wọ́n, èyí tí à ń jẹ àti èyí tí à ń fi ṣe oògùn. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi olú ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa kápúsù. Ṣùgbọ́n olú ìdí ògán yẹn kò sí nínú ike kankan. Ikán ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, kò tíì sí àgbẹ̀ tó rí i gbìn fún títà bí wọ́n ṣe ń gbin olú yòókù.

Àwọn tó wà nínú ike, láti Ṣáínà, Jàpáánì àti àwọn ìlú olótùútù lòkìkí wọn ti wá. Reishi ni olórí wọn. Èkejì ni 'lion's mane', tó funfun, tó ṣù bí irun ọrùn kìnnìún. 'Turkey tail' wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ ara igi òkú tó ní ilà-ilà bí ìrù tòlótòló, pẹ̀lú shiitake, chaga àti cordyceps. Reishi ní ẹbí lọ́dọ̀ tiwa o: ó ń hù nídìí ọ̀pẹ, ó ń jẹ ìdí ọ̀pẹ náà títí yóò fi wó. Ẹbí ni, òun kọ́. Àwọn onímọ̀ pàápàá, ní 2012 ni wọ́n tó ya ti Ṣáínà sọ́tọ̀ kúrò lára ti Yúróòpù, tí wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀, Ganoderma lingzhi. Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ ṣá ti ìdí ọ̀pẹ sínú ìkòkò àgbo.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ọkà. Ohun tí à ń pè ní olú, tó ní orí àti ẹsẹ̀, èso lásán ni. Ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi tó ń jẹ: fọ́nrán funfun, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, tó ń ta káàkiri. Fọ́nrán yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'mycelium'. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: m, y, c, e, l, i, u, m. Èso tó yọrí sókè ni wọ́n ń pè ní 'fruiting body'. Orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ni gbogbo ìjà dá lé.

Ẹni tó bá ń gbin olú níbí, ì báà ṣe Ìbàdàn, ì báà ṣe Èkó, mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, máa ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ náà. Wọ́n á bọ ọkà bàbà dé ìwọ̀n kan, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ooru pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á wá fi fọ́nrán olú díẹ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fọ́nrán á ti ran gbogbo hóró ọkà pọ̀, ìgò á funfun báláú bí ẹni pé òwú ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Irúgbìn lèyí. Wọ́n á pín in sínú àpò èérún pákó tí wọ́n kó ní sọ́míìlì, ibẹ̀ lolú á ti yọrí jáde, tí wọ́n á já a, tí wọ́n á tà á.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ta kápúsù olú, tí wọn kì í dé ibi àpò èérún pákó rárá. Ibi ìgò ọkà ni wọ́n ti ń dúró. Ọkà bàbà ni o, ìrẹsì ni o, oat ni o, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú fọ́nrán tó ta wọnú rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, ó di kápúsù. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣa ọkà kúrò, fọ́nrán ti wọnú hóró lọ. Ó sì yá ju kí wọ́n dúró de reishi, tó máa ń lo oṣù mélòó kan lórí igi kó tó gbó. Bí àgbẹ̀ kan bá gbin àgbàdo, tí kò dúró de ọmọ rẹ̀, tó hú gbòǹgbò tòun ti erùpẹ̀ ebè, tó lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó wá kọ 'àgbàdo' sí i lára, kí lẹ ó pè é?

Ìjà tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1983, ọkùnrin méjì kan, Paul Stamets àti Jeff Chilton, jọ kọ ìwé nípa bí a ṣe ń gbin olú. The Mushroom Cultivator lorúkọ ìwé náà, àwọn tó ń gbin olú ṣì ń kà á. Lẹ́yìn náà, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ Stamets, Fungi Perfecti, ń ta fọ́nrán tó hù lórí ìrẹsì, wọ́n sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ike bẹ́ẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé fọ́nrán ní agbára tirẹ̀, pé ìrẹsì tí fọ́nrán ti jẹ náà ní àǹfààní. Chilton dá Nammex sílẹ̀ ní 1989, ó ń ra olú tó ti yọrí láti Ṣáínà, ó sì ń pariwo pé sítáàṣì ni wọ́n ń tà fún aráyé. Ẹni tó jọ jókòó kọ ìwé kan náà! Ọlọ́jà làwọn méjèèjì, ẹ rántí ìyẹn. Ta ni yóò ní ọjà tòun kò dára? Èmi ò lè dá ẹjọ́ bóyá fọ́nrán ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta fọ́nrán lórí ọkà, kó kọ ọ́ gbangba síwájú ike, kó sì yéé ya olú pupa. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, alára ní ìlànà kan tó sọ pé ẹni tó bá fi mycelium ṣe oúnjẹ kò gbọdọ̀ pè é ní olú.

Ẹ má sì rò pé ìyá àdúgbò mi nìkan ló bọ́ sí i. Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Macau, pẹ̀lú ẹnìkan láti USP, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n oògùn kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó reishi 19 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lọ sí láàbù. Márùn-ún péré ló bá ohun tí wọ́n kọ sí i lára mu. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, ohun tó ń mú reishi korò kò sí níbẹ̀, ohun tó jọ sítáàṣì ni wọ́n bá. Márùn-ún nínú 19, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mẹ́rìnlá nínú 19 búrẹ́dì inú ṣọ́ọ̀bù kan bá jẹ́ pákó, ṣé ṣọ́ọ̀bù yẹn á ṣì wà ní ṣíṣí?

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Olú ní ohun kan nínú ara tó ń jẹ́ 'beta-glucan'. Òun wà lára ohun tí ẹ̀dá fi kọ́ ògiri ara rẹ̀, òun sì lọ̀pọ̀ ìwádìí ń tọ́ka sí pé ó ń ta àwọn ọmọ ogun inú ara jí. Beta-glucan jẹ́ ọmọ ẹbí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní 'polysaccharide'. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́, iṣu àti ọkà, ẹbí kan náà ni. Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike pé polysaccharide inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, wọn kò purọ́. Gaàrí náà lè kọ ọ́ sára, tirẹ̀ á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá bi ọmọ yín pé ta ló wá kí wa, tó ní ọmọ Yorùbá kan ni. Òótọ́ ló sọ, ẹ ò sì tíì mọ ẹni tó wá.

Nítorí náà, 'beta-glucan' gan-an ni kí ẹ wá, pẹ̀lú iye rẹ̀. Àwọn tó ń ta ojúlówó máa ń kọ ọ́, ó sì sábà máa ń tó ìdá 20 nínú 100, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ 'polysaccharide' nìkan tó wá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ nídìí.

Ní ti àyódíìnì, gbogbo wa tó ka báyọ́lọ́jì ní girama ló ti kán an sórí iṣu rí. Olú gidi kì í ní sítáàṣì nínú, àyódíìnì á dúró ní àwọ̀ rúsúrúsú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe é fi búra. Ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn bu mọ́ ọn, àyódíìnì lè má rí i. Ilé iṣẹ́ mìíràn sì lè fi sítáàṣì bíńtín sí i kí ìyẹ̀fun má baà dì mọ́ra. Èyí tó bá dúdú kirikiri bíi ti Màmá lẹ ó sá fún. Ẹ má sì gbé èyí tí ẹ ti kán àyódíìnì sí mì o. Ẹ dà á nù, ẹ fọ àwo.

Bó bá ti dájú pé olú ni, ó kù kí a bèèrè bóyá wọ́n sè é. Ohun tó mú ògiri ara olú le ni chitin, irú èyí tó wà lára èèpo edé àti akàn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èèpo akàn ń ṣe nínú ikùn: bó ṣe wọlé ló ń jáde. Omi gbígbóná ló ń tú beta-glucan sílẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn làwọn ará Ṣáínà fi ń se reishi kó pẹ́ lórí iná, bí àwa náà ṣe ń se àgbo. Ohun tó ń mú un korò, tí wọ́n ń pè ní 'triterpene', kì í fẹ́ bá omi lọ, ọtí líle ló ń fà á jáde. Ẹni tó bá ti rẹ egbò igi sínú ògógóró rí kò nílò àlàyé. Ike tí wọ́n bá ṣe dáadáa á sọ pé omi gbígbóná ni wọ́n lò, tàbí omi àti ọtí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá níbẹ̀ ni 'extract': e, x, t, r, a, c, t. Ìyẹ̀fun olú tí wọn kò sè kì í ṣe jìbìtì, ẹni tó bá wù kó fi sínú ọbẹ̀. Kí wọ́n má ṣáà tà á ní iye èyí tí wọ́n sè. Wọ́n tún lè kọ '10:1' sí i, ìyẹn ni pé kílò mẹ́wàá olú ló di kílò kan. Iye yẹn dára fún yíyangàn, kò sọ ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ya díẹ̀ sọ́dọ̀ cordyceps. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn, ara kòkòrò ló ti ń hù, lórí òkè gíga Tibet. Olú yìí á wọ ara kòkòrò nínú ilẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á wá yọ jáde lórí rẹ̀ bí ìwo kan ṣoṣo. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a, lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára jù a sì máa ju 20,000 dọ́là lọ fún kílò kan. Ẹni tó bá wá ń tà á fún yín ní owó bàtà, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe òun. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kápúsù ni Cordyceps militaris, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń gbìn sínú ilé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ti orí òkè náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ní 2016, àjọ ìjọba Ṣáínà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ pé àwọn rí májèlé arsenic nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí ni pé olú a máa fa ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ mu, rere àti búburú. Bí òjé bá wà nílẹ̀, á fà á. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó gbọ́dọ̀ lè fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín fún ìpele tí ike yẹn ti jáde. 'Certificate of analysis' ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ẹ kọ létà sí wọn, ẹ bèèrè. Èyí tó ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Chaga nìkan ni mo fẹ́ dárúkọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀. Ara igi kan ní Rọ́ṣíà àti àwọn ìlú olótùútù ló ti ń wú jáde, ó dúdú bí èédú. Oxalate pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó lè bà sí kíndìnrín. Ní 2014, àwọn dókítà Jàpáánì kọ nípa ìyá ẹni ọdún 72 kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, tó ń fi ṣíbí tíì bu ìyẹ̀fun chaga jẹ, mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́, fún oṣù mẹ́fà. Kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n wá ń fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, èyí tó jẹ́ ojúlówó ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Jàpáánì fọwọ́ sí oògùn kan láti ara olú 'turkey tail' ní 1977, Krestin lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí lentinan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n yọ lára shiitake, ní 1985. Dókítà ló máa ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní méjèèjì nígbà náà, àfikún sí oògùn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ní ti reishi, àwọn onímọ̀ Cochrane, tí wọ́n máa ń kó ìwádìí jọ gbọ̀n wò, sọ ní 2016 pé ẹ̀rí tó wà kò tó kí ẹnikẹ́ni fi reishi ṣe oògùn àkọ́lò fún jẹjẹrẹ, pé ó ṣeé ṣe kó ran ẹni tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Ti lion's mane ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n sọ bó ṣe parí. Ní 2009, wọ́n kó ará Jàpáánì 30 jọ, ẹni ọdún 50 sí 80 tí ìrántí wọn ti ń ṣe ségesège. Wọ́n fún àwọn kan ní olú, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú, fún ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn tó jẹ olú ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ó tún ń lọ sílẹ̀. Ọgbọ̀n èèyàn kò pọ̀, àmọ́ iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí à ń gbọ́ níbi ìpàdé àwọn tó ń ta kọfí Ganoderma, ìyẹn kọfí tí wọ́n ní reishi wà nínú rẹ̀. Mo ti jókòó níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó dìde ní ó wo àtọ̀gbẹ, ó wo ìju, ó wo ojú tó fọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ di ọlọ́rọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó mú ẹni méjì wá sábẹ́ ara rẹ̀. Mo yí sáṣẹ́ẹ̀tì wò. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ sínú àkójọ èròjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlànà nìyẹn. Ṣúgà ló wà níwájú, olú ló gbẹ̀yìn, kò sì sí iye níwájú rẹ̀. Wọ́n sì ń tà á fún alátọ̀gbẹ!

Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa, dára, ẹ máa wá a. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn tó sábà máa ń wà lára àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC forúkọ wọn sílẹ̀, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ti Amẹ́ríkà kò sàn jù: láti ìgbà òfin 1994, ẹni tó ń ta àfikún oúnjẹ kò ní láti fi ẹ̀rí hàn FDA pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sọ́jà. Pé ó ti òkè òkun wá kò sọ ọ́ di oògùn.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, aláboyún, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ẹ má fọwọ́ kan reishi láìbi dókítà yín. Ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹ̀fun reishi wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà Hong Kong àti Thailand.

Màmá pe ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ bínú, ó ní owó gidi lòun fi rà á. Mo ní kó bá wa yí ẹ̀yìn ike tirẹ̀ sójú fóònù. Ó wà níbẹ̀, lọ́nà kíkọ tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: mycelium, lórí oat. Kò kà á rí. Màmá tú èyí tó kù sínú oúnjẹ àwọn adìẹ rẹ̀, wọ́n ṣà á jẹ tán. Ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Bí irú ike bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e sábẹ́ iná lálẹ́ òní, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe iwájú. Lọ́la, ẹ kó o sínú àpò kan náà pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n kọ fún yín nílé ìwòsàn, ẹ gbé e lọ bá apòògùn kí ẹ tó gbé kápúsù olú mìíràn mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ lá a wò.